Èédú Ìdérí Kan

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tí ìfẹ́ ti kọ́kọ́ bá mi, mi ò lè sọ pé lábẹ́ òṣùpá ni tàbí létí òkun. Inú àgọ́ páànù kan ni, lẹ́yìn òkìtì ìdàrọ́, níbi tí eruku dúdú ti ń wọ èèyàn nímú tó sì tún ń bà lé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀.

Bàbà ni ilé-iṣẹ́ wa ń yọ́. Ó ti ń yọ́ ọ láti ìgbà tí wọn ò tíì bí ìyá mi. Tí wọ́n bá yọ́ òkúta tán, tí bàbà ti ṣàn lọ sápá kan, èyí tó kù tó sì dì bíi gíláàsì dúdú ni wọ́n ń pè ní ìdàrọ́. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń dà á sí. Ọdún gorí ọdún, ìdàrọ́ di òkè, òkè náà sì ga ju òrùlé ilé-iṣẹ́ lọ. Àmọ́ bàbà kì í tán nínú rẹ̀ pátápátá. Díẹ̀ máa ń ṣẹ́ kù, á há síbẹ̀ bí ọ̀rọ̀ tí èèyàn fẹ́ sọ tí kò ríbi sọ ọ́.

Díẹ̀ yẹn ni èmi àti ọkùnrin kan tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Onítíì ń yọ jáde. Máíkírówéfù la fi ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbóná nínú ilé, àfi pé tiwa tóbi, a ti yọ àwo gíláàsì inú rẹ̀ kúrò, a sì fi bíríkì tí iná kì í ràn tò ó yípo. A ó lọ ìdàrọ́ kúnná, a ó pò ó mọ́ èédú lílọ̀, a ó dà á sínú ìkòkò kékeré amọ̀ funfun, a ó gbé e sínú ẹ̀rọ, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó sì jókòó tì í.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀ ni Onítíì ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó ní iná gidi máa ń jó ìkòkò kó tó kan ohun tó wà nínú rẹ̀, àmọ́ ti ẹ̀rọ yìí ò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbì kan tí ojú kì í rí ló ń tú jáde, á gba ara ìkòkò kọjá bíi pé ìkòkò ò sí níbẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ èédú.

“Àárín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n,” ó ní. “Tó o bá wo ìta lásán, o ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀.”

Ẹ̀rọ ni mo rò pé ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọdé ṣì ń ṣe mí nígbà yẹn.

Ó fi ọdún mẹ́ta ṣáájú mi níbi iṣẹ́, torí náà tọ̀wọ̀-tọ̀wọ̀ ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà, ẹ kú iṣẹ́. Títí di ọjọ́ tí a fọ́ ìkòkò kan, tí bàbà kékeré kan yí jáde látinú ìfọ́yángá dúdú, kò tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ, ó pupa fòò, ó sì ń dán. Mo fò sókè. Mo pariwo, “O rí i! O rí i!” Ẹ̀yìn tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo fọwọ́ bo ẹnu. Onítíì wò mí, ẹ̀rín ń bọ̀ lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

“Má wulẹ̀ padà sẹ́yìn mọ́ o,” ó ní. “Ibẹ̀ yẹn ni kó o dúró sí.”

Ibẹ̀ náà ni mo dúró sí fún ọdún méjì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ìdérí náà fún yín báyìí, torí òun ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, òṣùwọ̀n kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn òkìtì, ọ̀dọ̀ Bàbá Ọlọ́lọ, àgbàlagbà tó ń bá wa lọ ìdàrọ́, ló sì wà. Bàbá gbà kí a wọn ìdàrọ́ lórí rẹ̀, àmọ́ tó bá rí èédú lọ́wọ́ wa, á gbé ohùn sókè: “Ẹ gbé dúdú yín kúrò níwájú mi! Èyí tó wà lára mi ò tíì tó ni?” Onítíì ò bá a jiyàn. Ó tú ìdérí fúláàsìkì tíì rẹ̀, ó bu èédú kún un, ó fi ìka gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Ìdérí kan. Ó ṣe wẹ́kú. Mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ wa: *Ìdàrọ́, ọ̀ọ́dúnrún gíráàmù. Èédú, ìdérí kan.*

Tí a bá bu èédú tán, á fọ ìdérí náà, á da tíì sínú rẹ̀ fún mi. Òun fúnra rẹ̀ á máa mu látẹnu fúláàsìkì. Bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó, èédú ṣì máa ń ta sí mi lẹ́nu díẹ̀ létí ìdérí. Mi ò tíì mu tíì tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà tó yá, wọ́n ra òṣùwọ̀n fún wa nínú àgọ́. Síbẹ̀, a ò wọn ìdérí náà rí. Kí la fẹ́ wọ̀n ọ́n fún? Fúláàsìkì wà níbẹ̀, ẹni tó ni ín wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn kì í rántí wọn nǹkan.

Oṣù méje sẹ́yìn ni iṣẹ́ tuntun dé fún Onítíì ní ilé-iṣẹ́ mìíràn tó jìnnà, èyí tí èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó débẹ̀. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́, báàgì wà léjìká rẹ̀, fúláàsìkì wà lábíyá.

“Ṣé kò sí nǹkan kan tó o fẹ́ bá mi sọ?” ó ní.

Nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo ti kà, ọkùnrin ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo dúró dè é kó sọ ọ́. Òun náà dúró dè mí. Ẹ̀rọ ń kùn lẹ́yìn wa.

“Ẹ̀rọ yìí ti ń dún bákan,” ni mo sọ.

Ó mi orí. “Kí wọ́n bá ẹ yẹ̀ ẹ́ wò,” ó ní, ó sì lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀yà ara ẹ̀rọ tó ń tú ìgbì jáde jó. Oṣù méje gbáko la fi dúró de òmíràn. Mò ń lọ ìdàrọ́, mò ń sẹ́ ẹ, mò ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé. Àga méjì ló wà nínú àgọ́. Mo máa ń gbé báàgì mi sórí ìkejì kó má baà ṣófo.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀yà ara tuntun dé. Bí wọ́n ṣe ń dè é mọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́ ni Màdáámù Ẹnjiníà, ọ̀gá wa, wọlé, ó dúró láìjókòó.

“Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá,” ó ní. “Àwọn ọ̀gá láti orílé-iṣẹ́ ń bọ̀. Wọ́n ti ka ìwé wa títí, ó sú wọn. Ojú ara wọn ni wọ́n fẹ́ fi rí bàbà. Tí wọ́n bá rí i, wọ́n á kọ́ ilé gidi fún iṣẹ́ yìí. Tí wọn ò bá rí i, àgọ́ yìí di títì, ìwọ á sì lọ sẹ́nu géètì, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀. Ìkòkò mélòó ló kù lọ́wọ́ ẹ?”

“Mẹ́rin ni, mà.”

“Òmíràn ò lè dé kó tó di oṣù tó ń bọ̀. Fi ọgbọ́n lò wọ́n.”

Ẹ̀rù ò bà mí. Ìgbà tó lọ tán ni mo ṣí ìwé iṣẹ́ láti wo bí a ṣe ń ṣe é. *Èédú, ìdérí kan.* Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo wo orí tábìlì, mo wo abẹ́ rẹ̀, bíi pé ìdérí tó ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ lè yọjú sí mi níbẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu géètì gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Tí wọ́n bá ti àgọ́ yẹn, kò sí ibòmíràn láyé tí a ti jọ wà. A ò ya fọ́tò pa pọ̀ rí. Ilé oúnjẹ kan ò sí tí mo lè gba iwájú rẹ̀ kọjá kí n sì wò ó. Àgọ́ páànù yẹn nìkan ni, àti àga méjì.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo wọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kí n tó rí fúláàsìkì tó jọ ti Onítíì. Aláwọ̀ ewé ni, ó ní ìlà fàdákà lọ́rùn. Mo dì í mọ́ra dé ilé bí ẹni gbé ọmọ. Lọ́jọ́ Ajé, mo fi ìdérí rẹ̀ bu èédú, mo fi ìka gé e, mo tan ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú mo pa á, mo jẹ́ kó tutù títí di ọ̀sán, mo gbé òòlù, mo fọ́ ìkòkò. Irin kékeré eléérú kan ló yí jáde. Mo gbé òòfà sún mọ́ ọn, ó fò mọ́ òòfà náà pàkò.

Òòfà kì í gbé bàbà. Irin ló ń gbé. Ìyẹn ni pé èédú ti pọ̀ jù, kò fi mọ sórí bàbà, ó ti lọ fa irin inú ìdàrọ́ jáde mọ́ ọn, wọ́n sì ti dàpọ̀. Ìdérí fúláàsìkì tuntun náà tóbi ju ti Onítíì lọ. Ojú lásán ló fi jọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo dín èédú kù, mo dín in kù dáadáa. Ohun tó jáde jẹ́ gíláàsì dúdú jọ̀bọ̀tọ̀. Kò sí bàbà, kò sí irin, kò sí nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí ni.

Bí mo ṣe ń rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àǹtí mi pè mí. Òun nìkan ló kù tó ń pè mí láìní ìdí.

“Ṣé o ti jẹun?”

“Mo máa jẹ búrẹ́dì, Àǹtí mi.”

“Búrẹ́dì lánàá, búrẹ́dì lónìí. Ṣé ìwọ àti búrẹ́dì ti ṣègbéyàwó tí ẹ ò pè mí ni?”

Mo sọ ọ̀rọ̀ ìdérí fún un. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé! Ẹ kàwé kàwé, ojú yín fẹ́ fọ́, ẹ wá ń fi ìdérí tíì wọn nǹkan! Pe ọmọkùnrin náà, jàre.”

“Mi ò lè pè é.”

“Ṣé ó máa gbé ẹ mì látinú fóònù ni?”

“Tí mo bá pè é, á rò pé mo kàn ń wá ọ̀nà láti gbọ́ ohùn òun ni.”

“Ṣé irọ́ ni?”

Iwájú ilé kan ni mo dúró sí nígbà yẹn, ẹnì kan ń ká aṣọ tó ti gbẹ lórí okùn, ó ká ti ọkùnrin, ó ká ti obìnrin, ó kó wọn pọ̀ sápá kan.

“Pè é,” àǹtí mi tún sọ, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. “Kó o lè mọ ibi tó o dúró sí.”

Lọ́jọ́rú, ọwọ́ mi ò balẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá balẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ iná. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ yan ìkòkò amọ̀ gbẹ fún wákàtí méjì kí omi ara rẹ̀ tán, mi ò ṣe é. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí mo tan ẹ̀rọ tí mo gbọ́ “pàà!” Ìkòkò ti là sí méjì, ìdàrọ́ ti dà sórí bíríkì. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àgọ́, mo fi ojú mi lé orúnkún. Ìkòkò kan ló kù. Kò sí ìyẹn-ò-dáa-jẹ́-kí-n-tún-un-ṣe mọ́. Ẹyọ kan yẹn, wọ́n máa fọ́ ọ níwájú àwọn ọ̀gá lọ́jọ́ Ẹtì, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo pè é.

Kí n tó tẹ nọ́ńbà náà, mo ya irun mi. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé fóònù ò ní ojú. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹrin.

“Hẹ̀lóò, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?”

Nọ́ńbà mi ti kúrò lórí fóònù rẹ̀.

“Èmi ni,” ni mo sọ. “Ti àgọ́ ìdàrọ́.”

“Háà! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o! Ẹ̀yin ará ibẹ̀ ńkọ́? Bàbá Ọlọ́lọ ńkọ́?”

Mo tan ara mi jẹ pé gbogbo wa ló ń kí lẹ́ẹ̀kan náà. “A wà dáadáa. Mo fẹ́ béèrè nípa ìdérí.”

“Ìdérí kí ni?”

“Ìdérí fúláàsìkì rẹ. Èyí tá a fi ń wọn èédú. Mo fẹ́ mọ bó ṣe tóbi tó.”

Mo gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín.

“Fúláàsìkì,” ó ní. “Ṣé mo ní fúláàsìkì nígbà yẹn?”

“Onítíì ni wọ́n ń pè ọ́!”

“Lóòótọ́!” Ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn gan-an. “Mo ti gbàgbé orúkọ yẹn pátápátá. Kọfí là ń mu níbí, ẹ̀rọ rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdérí tíì! Bóyá mo sọ ọ́ nù nígbà tí mò ń kó ẹrù, mi ò mọ̀. Ẹ ò ṣe wulẹ̀ wọn èédú náà? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ogún gíráàmù, kẹ́ ẹ máa fi márùn-ún márùn-ún lé e.”

“Ìkòkò kan ló kù.”

“Áà. Ìyẹn le o.” Ẹnì kan pè é níbẹ̀. “Ẹ máà bínú, wọ́n ń pè mí. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Ẹ kú iṣẹ́. Òun tó ní kí n má padà sẹ́yìn ni ó ti padà sẹ́yìn báyìí, tó sì ń kí mi láti ibẹ̀.

Kò bú mi, kò purọ́ fún mi. Ká ní ó ṣe mí níkà ni, mo mọ bí wọ́n ti ń sunkún irú ìyẹn, mo ti kà á nínú ìwé púpọ̀. Àmọ́ kí ni èèyàn fẹ́ ṣe fún ẹni tó kàn gbàgbé? Ẹ̀sùn wo ni mo fẹ́ fi kàn án? Ohun tí mo fi oṣù méje ṣọ́ bí ẹyin, ó ti bọ́ lọ́wọ́ òun láìmọ ọjọ́ tó bọ́.

Ibi tí mo jókòó sí nìyẹn tí Bàbá Ọlọ́lọ fi gbé ìdàrọ́ lílọ̀ wọlé nínú báàkẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà tí Onítíì ti lọ ló ti fún mi ní orúkọ kan, orúkọ yẹn náà ló sì pè mí.

“Ìyàwó Ìdàrọ́! Ta ló kú?”

“Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá. Wọ́n ní kí n kí yín.”

“Ta ni?”

“Onítíì.”

Bàbá wo ojú mi, ó wo fóònù tó wà lórí tábìlì. Ó gbé báàgì mi kúrò lórí àga kejì, ó jókòó. Láti oṣù méje, kò tíì sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀.

“Kò rántí ìdérí yẹn,” ó ní. Kò béèrè, ó sọ ọ́ ni; gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ti ń gbọ́ tí mò ń ráhùn nípa ìdérí.

“Kò rántí.”

“Ìwọ ńkọ́? Báwo ló ṣe tóbi tó?”

Mo fi ọwọ́ méjèèjì ṣe òbìrí kékeré kan nínú afẹ́fẹ́. Mo fẹ̀ ẹ́, mo tún fún un. Ọwọ́ mi ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ bí mo ṣe gbé e bẹ́ẹ̀ bọ̀ síwájú ẹnu mi, bíi pé mo fẹ́ mu nínú rẹ̀, nǹkan kan dúró nínú mi.

“Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni,” ni mo sọ.

“Kí ló jẹ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún?”

“Tíì inú ìdérí náà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo máa ń gbé e mì, á sì tán. Ojoojúmọ́ ni, fún ọdún méjì. Mo máa ń kà á, Bàbá, torí mi ò fẹ́ kó tán. Kò lé rí, kò sì dín rí.”

Mo dìde. Gíláàsì onílà kan wà nínú páálí rẹ̀, èyí tí a ò tíì lò rí, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè. Mo fọ̀ ọ́, mo wọn omi sínú rẹ̀, mo dà á sínú ife mi, mo gbé e mì lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo da èyí tó kù padà láti mọ iye tí mo mu. Bàbá mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n.

“Ṣé omi tútù ni ọmọkùnrin yẹn ń fún ẹ? Omi tútù, èèyàn á gbé e mì gbàù. Tíì gbígbóná, ńṣe là ń bẹ̀ ẹ́ kó tó wọlé. Lọ po tíì, jàre!”

Òótọ́ ni. Mo po tíì, mo jẹ́ kó sinmi títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi ti aago mẹ́wàá àárọ̀ ìgbà yẹn. Mo wọ̀n ọ́n, mo dà á sínú ife, mo dijú.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń na ìdérí sí mi, èédú wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Omijé fẹ́ẹ̀ dà sínú tíì, Bàbá sì ní, “Má fi omi kún un o, iye rẹ̀ á yí padà.” Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ni gíláàsì sọ. Ìgbà kejì, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, “Ibẹ̀ yẹn ni kó o dúró sí.” Ọgọ́rùn-ún lé méjì. Ìgbà kẹta, mo dijú, mi ò rí nǹkan kan. Tíì lásán ni mo mu, tíì tó dùn díẹ̀, nínú àgọ́ kan, lọ́sàn-án. Ọgọ́rùn-ún géérégé.

Mo bu èédú títí ó fi dé ìlà ọgọ́rùn-ún, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n. Gíráàmù mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà mo yan ìkòkò tó kù náà gbẹ, wákàtí méjì gbáko, mi ò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n dé, ọ̀gá mẹ́ta pẹ̀lú Màdáámù Ẹnjiníà. Bàtà wọn ń dán nígbà tí wọ́n wọlé, kò sì dán mọ́ nígbà tí wọ́n máa jáde. Mo po ìdàrọ́ àti èédú níwájú wọn, mo gbé ìkòkò wọlé, mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ síwájú wò ó láti ojú ihò kékeré tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

“Ìkòkò náà funfun bó ṣe wà,” ó ní. “Kò jọ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀.”

“Àárín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pọ́n, sà,” ni mo sọ.

Nígbà tí ogún ìṣẹ́jú pé, Màdáámù kó wọn lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ títí ìkòkò á fi tutù. Èmi nìkan ló jókòó tì í. Lẹ́yìn aago kan ni wọ́n padà. Mo wọ ìbọ̀wọ́, mo gbé òòlù. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kan, amọ̀ là. Mo lù ú lẹ́ẹ̀kejì, gíláàsì dúdú fọ́ wẹ́wẹ́, nǹkan kékeré kan yí jáde, ó yí títí dé etí tábìlì kó tó dúró. Dúdú bò ó lára. Mo gbé òòfà sún mọ́ ọn. Kò mira. Mo fi òòfà kàn án gan-an, mo gbé òòfà sókè, ó dúró sílẹ̀ níbi tó wà. Mo mú fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá, mo fi ha ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta péré.

Ó pupa fòò.

“O rí i!” Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo ti yí ọrùn sápá òsì, ibi tí Onítíì máa ń dúró sí, kí n tó rí i pé ògiri páànù ló wà níbẹ̀, àti ẹ̀wù iṣẹ́ mi tó kọ́ sórí ìṣó.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo kọjú sí àwọn ọ̀gá. “Ẹ wò ó,” ni mo sọ.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n ń yí i wò lójú oòrùn. Màdáámù Ẹnjiníà fọwọ́ lé mi léjìká, èyí tí kò ṣe rí. Wọ́n ní ilé tuntun máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Wọ́n fi bébà wé bàbà náà, ó wọ inú báàgì wọn lọ. Kí wọ́n tó jáde, Màdáámù ṣí ìwé iṣẹ́ wa, ìka rẹ̀ dúró lórí ìlà kan.

“Èédú, ìdérí kan,” ó kà á. “Kí ni ìdérí?”

Gbogbo wọn wò mí. Mo lè sọ ọ́ fún wọn. Á gba ọ̀sán odindi.

“Ìwọ̀n kan tí a ń lò tẹ́lẹ̀ ni, mà.”

“Kọ ọ́ dáadáa, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè kà á.”

Mo fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá, lẹ́ẹ̀kan péré, kí èèyàn ṣì lè rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: *gíráàmù mọ́kànlélọ́gbọ̀n.*

Nígbà tí wọ́n lọ tán, àgọ́ dákẹ́ rọ́rọ́. Lódìkejì àgbàlá, mò ń gbọ́ ọlọ Bàbá tó ń yí, tó ń lọ ìdàrọ́ ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo mú fóònù, mo wá orúkọ Onítíì. Mo wò ó títí iná ojú fóònù fi kú fúnra rẹ̀.

Fúláàsìkì aláwọ̀ ewé tí mo rà wà lórí fèrèsé, tíì wà nínú rẹ̀, mo pò ó láàárọ̀. Mo da díẹ̀ sínú ìdérí rẹ̀, ìdérí tó tóbi jù yẹn, mo sì jókòó. Èédú ò ta sí mi lẹ́nu. Mo gbé e mì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo sì gbé ìdérí sílẹ̀ bó ṣe máa ń rí.

Tíì ṣì kù nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tún gbé e, mo mu ìkẹfà.